Ẹ̀kọ́ Orin Tí Kò Dún: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Ẹ̀yin Òǹkàwé

Nínú ìtẹ̀jáde wa ti oṣù tí ó kọjá, mo mẹ́nu kan ẹ̀kọ́ orin tí ó jẹ́ dandan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ohun tí ojú yín rí nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà tí a rí gbà pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Mo yan mẹ́rin nínú wọn, nítorí pé ohun tí ó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ lóríṣiríṣi ọ̀nà. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀ mọ́ wa, iṣẹ́ olùkọ́ orin ni mo ṣe fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi wà ní JSS 2, dandan sì ni ẹ̀kọ́ orin fún wọn. Mo ṣí ìwé rẹ̀ wò, mo sì bá ìlà márùn-ún márùn-ún tí ó fi rúlà fà láti ojú ewé kìíní títí dé ìkejìdínlógún, pẹ̀lú àmì roboto tí ó ní ìrù lára. Mo ní kí ó kọ ẹyọ kan nínú wọn sí mi létí, ó ní òun kò mọ bí ó ṣe ń dún, pé olùkọ́ àwọn kò kọ ọ́ sí àwọn létí rí. Máàkì 28 nínú 100 ni ó gbà, ó sì sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Dókítà ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe. Kí ni wọ́n ń fi èyí yọ ọ́ lẹ́nu sí? — Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ ní kí ọmọ yín ṣe yẹn, pé kí ó kọ ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ jáde lẹ́nu, ni ó yẹ kí ilé-ìwé ti ní kí ó ṣe láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe di dandan. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ti Nàìjíríà, láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3, wọ́n kó orin, ijó, eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà pọ̀ sábẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ mọ̀ sí CCA (Cultural and Creative Arts), gbogbo ọmọ ni ó sì ń ṣe é. Ìgbà tí wọ́n bá dé SS 1 ni orin tó di ohun tí ọmọ lè yàn tàbí kí ó fi sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní England, àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba kò lè yẹ ẹ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi pé ọdún 14, ìjọba Brazil náà sì ṣe òfin ní ọdún 2008 pé kí orin wà nínú ohun tí gbogbo ọmọ ń kọ́.

Mo fara mọ́ dandan yìí tọkàntọkàn. Níbi tí kò bá ti jẹ́ dandan, mo mọ irú ọmọ tí ó máa ń rí orin kọ́: ọmọ tí òbí rẹ̀ wà nínú kúáyà, ọmọ tí a bí sí ìdílé Àyàn, àti ọmọ olówó tí olùkọ́ dùùrù ń wá bá nílé. Ọmọ awakọ̀ àti ọmọ ìyá elélùbọ́ a sì dàgbà láì mọ̀ bóyá orin wà lọ́wọ́ òun, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi ohun èlò kankan lé e lọ́wọ́ wò. Ṣùgbọ́n dandan náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Bí ilé-ìwé bá sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ má wá sí kíláàsì orin, ilé-ìwé náà kò gbọdọ̀ má mú orin wá síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ọmọ yín gan-an nìyí: wọ́n mú òun ní dandan, wọ́n sì dá ara wọn sílẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìlówó ni ó fà á. Ní ilé-ìwé tí èmi ti kọ́ ọ, a kò ní dùùrù, a kò sì ní fèrè. Ohun tí a ní kò ju aṣọ gígùn kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, tí wọ́n kọ dò, re, mí, fà, sọ̀, là, tì sí lára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí àkàbà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìsinmi, olùkọ́ wa a yọ irin kékeré kan tí ó la ẹnu méjì láti inú àpò rẹ̀, a gbá a mọ́ orúnkún, a sì fi ìdí rẹ̀ kan tábìlì. Tábìlì náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbo oyin. Inú kíkùn yẹn ni a ti ń mú dò wa. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò máa fi tọ́ka láti orí àtẹ̀gùn kan dé òmíràn, tí gbogbo wa yóò sì máa fi ohùn tẹ̀ lé e, ogójì ọmọ nínú yàrá kan, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi máa fò láti dò lọ sí sọ̀ láì dúró, tí a kò sì ní ṣìnà. Ó pẹ́ gan-an kí a tó fa ìlà márùn-ún kankan sínú ìwé. Nígbà tí a sì dé orí rẹ̀, ohun tí etí wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ojú wa ń rí.

Sarah Glover, obìnrin ará Norwich ní England, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú sọ́fà, ìyẹn dò, re, mí tí a ń wí yìí, láti fi kọ́ àwọn ọmọdé. John Curwen, àlùfáà kan, ni ó tún un ṣe, tí ó sì tàn án kálẹ̀ láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó yá àwọn míṣọ́nnárì lára láti gbé e dé ilẹ̀ wa, nítorí pé lẹ́tà lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ilé-ìtẹ̀wé tí kò ní àmì orin kankan sì lè ṣe é. Ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá ohun kan tí kò sí ní Norwich. Ọmọ Yorùbá ti ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kí eyín tó hù lẹ́nu rẹ̀ tán. Igba tí a ń kà, igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti ìgbà tí ó ń lọ: ohùn nìkan ni ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Títí di òní, bí olùkọ́ èdè Yorùbá bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, dò, re, mí ni ó ń lò. Ìdajì ọ̀nà ni ọmọ yín ti wà kí ó tó wọ kíláàsì, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni kò bá a sọ ọ́.

Etí yìí náà ni ó ran àwọn baba wa lọ́wọ́ láti tún orin ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láì wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè àti ibi tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ sì ń yí padà lẹ́nu akọrin. Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tí wọ́n kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní ọdún 1922. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó wà nídìí dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 di 1962, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Fẹlá Ṣówándé, tí ó di gbajúmọ̀ olùkọ orin nígbà tí ó yá, ti kọrin nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ kò lè rí àṣìṣe àwọn orin àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ì báà tẹjú mọ́ ìwé di òru.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ lọ rí olùkọ́ náà, kí ẹ má sì gbé ìbínú lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwòrán ni ó kọ́, tí wọ́n sì gbé orin lé e lórí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí àmì kankan má ṣe wọ inú ìwé ọmọ mọ́ láì jẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọ etí rẹ̀. Fóònù ọwọ́ olùkọ́ tó láti fi dún un. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ dá a lábàá pé kí ẹ jọ ra agogo méjì àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì. Ní ti máàkì 28, ẹ jókòó ti ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ sọ fún un pé àlàfo mẹ́rin tí ó wà láàrin ìlà márùn-ún náà, bí àmì ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ ti ohùn òkè (treble clef), ń jẹ́ F, A, C, E láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kí ó fi ohùn kọ ọ́ bí ó ti ń kà á. Yóò mọ̀ ọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé orin ń mú kí ọmọ mọ ìṣirò sí i, pé yóò ràn án lọ́wọ́ láti di dókítà. N kò ní fi ìyẹn tù yín nínú. Mo fẹ́ kí ó kọ́ orin nítorí pé orin ni, kí ó sì jẹ́ dókítà tí ó lè bá àwọn ẹlòmíràn gbe orin nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti London. Mo ti lé ní ọdún 50. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, a ń múra sílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ní ẹ̀bùn. Olùkọ́ orin ń rìn gba àárín wa kọjá, ó ń dẹ etí sí ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kàn mí, ó dúró, ó ní: "Ìwọ, máa la ẹnu lásán. Má ṣe jẹ́ kí ohùn jáde." Bí mo ti ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, n kò sì tíì kọrin láti ìgbà náà, kódà ní ọjọ́ ìkómọjáde àwọn ọmọ mi. Nísinsìnyí ọmọ-ọmọ mi ń kọ́ orin ní ilé-ìwé níbí, ó sì ń fà mí lápá pé kí n bá òun gbè é. Ṣé ó ṣeé ṣe kí Ọlọ́run dá ènìyàn láì fi orin sí i nínú? — Ìyá àgbà kan, Peckham

Ìdáhùn: Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ọ̀rọ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú kan lẹ́nu olùkọ́ ti gbà yín ní ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.

Lóòótọ́, àwọn ènìyàn kan wà tí etí wọn kò lè ya ohùn gíga sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀ láti ìgbà tí a ti bí wọn, àwọn oníṣègùn sì mọ ipò náà. Wọ́n kéré púpọ̀ níye. Bí orin tí ẹ mọ̀ bá yapa lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì dùn yín létí, ẹ kò sí lára wọn. Ohun tí mo gbà gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín yàtọ̀ sí ìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì tí ohùn rẹ̀ ń kùn ní ìsàlẹ̀ bí gbogbo wọn ti ń gòkè. Mo ní kí ó máa bá wa gbé àga dípò kí ó máa kọrin. Ó gbé àga fún odindi sáà kan. Ní ọjọ́ kan, ibà mú mi, ohùn mi há, n kò lè mú orin náà ga bí mo ti máa ń mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gan-an, mo sì gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn yàrá tí ó ń bá mi lọ ní gbogbo ọ̀nà láì ṣìnà. Nígbà tí mo yíjú, òun ni, ó gbé àga dání. Orin kò ṣàì sí nínú ọmọ náà. Èmi ni mo ń gbé e sí ibi tí ọwọ́ ohùn rẹ̀ kò tó. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ yín kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá a ṣe é: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pípe ènìyàn. Ẹ pe ọmọ-ọmọ yín bí ìgbà tí a ń pe ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò, kí ẹ jẹ́ kí ohùn yín gòkè kí ó sì sọ̀kalẹ̀ bí ó bá ti wù ú. Bí ó bá ní oríkì, ẹ lò ó. Àjọkẹ́, tí a bá rọra pè é, dò, re, mí ni. Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ dò, dò, mí. Ẹ fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí pípè náà yóò fi di orin, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà wá bá ohùn yín níbi tí ó wà. Ẹ ṣe é nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi ní oṣù mẹ́ta sí i.

Ìbéèrè: Màmá, Mùsùlùmí ni mí. Ní kíláàsì orin tí ó jẹ́ dandan ní ilé-ìwé ọmọ mi, orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ọmọ náà kò fẹ́ kọ ọ́, wọ́n sì ń yọ máàkì rẹ̀. Ṣé kí n mú un kúrò níbẹ̀ ni? — Alhaji, Òṣogbo

Ìdáhùn: Alhaji, ọ̀ràn méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀. Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 38, sọ ọ́ gbangba pé ilé-ìwé kò lè fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kí ó kópa nínú ìjọsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Orin jẹ́ dandan, orin ìsìn kì í ṣe dandan. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fún ọmọ yín ní orin mìíràn láti fi ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì dá máàkì rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe mú un kúrò nínú orin pátápátá nítorí àṣìṣe olùkọ́ kan. Ohun tí ẹ̀sìn yín gbà láàyè, ọwọ́ ààfáà yín ni ó wà, n kò ní dá sí i. Mo kàn ń rán yín létí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílù dùndún wa ni wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, àti pé inú wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan, ni fújì ti jáde. Ohun tí ọmọ yín lè kọ́ wà nílé.

Ìbéèrè: Màmá wa, olùkọ́ ni mí ní abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwòrán yíyà ni mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo CCA. N kò mọ nǹkan kan nínú orin. Mo máa ń kọ nóòtì sí ojú pátákó, àwọn ọmọ a sì dà á kọ. Mo mọ̀ pé kò dára. Kí ni kí n ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀? — Olùkọ́ tí ó ń tijú

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ṣe tijú. Ìwọ ni mo ń wá láti òwúrọ̀ tí mo ti jókòó ti lẹ́tà wọ̀nyí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, pa ìwé dé. Wá agogo kan, bí kò bá sí, irin àti ìṣó ńlá yóò ṣe é. Ìlù agogo kan wà tí ọ̀pọ̀ onílù mọ̀ sí kóńkóló. Ka oókan dé eéjìlá láì sáré, kí o sì máa tún un kà láì dúró láàrin. Lu agogo ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹ̀ẹ̀méje ni o ó lù ú nínú ìkà méjìlá. Fi ọjọ́ méjì kọ́ ọ nílé títí ọwọ́ rẹ yóò fi máa ṣe é láì ronú. Ní kíláàsì, jẹ́ kí gbogbo wọn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ní 1, 4, 7 àti 10, kí ìdajì wọn máa tẹlẹ̀ lọ, kí ìdajì kejì sì máa pàtẹ́wọ́ sí ibi tí agogo ti ń dún. Wọn yóò dàrú, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá yá, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ìgbà tí ó bá dúró dáadáa ni kí o tó ya àpótí méjìlá sí ojú pátákó, kí wọ́n wá fi ṣọ́ọ̀kì kun méje tí ọwọ́ wọn ti mọ̀. Ìwọ tí o kọ́ àwòrán yíyà, o mọ bí a ṣe ń ṣe ìyẹn jù mí lọ, nóòtì orin tòótọ́ sì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lọ bá onílù àdúgbò yín, kí o bẹ̀ ẹ́ kí ó wá fún wákàtí kan. Jẹ́ kí ó gbé ìyáàlù àti gúdúgúdú wá. Kí ó fi ìyáàlù pe orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa dá orúkọ wọn mọ̀. Bi í bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń fún ọsán, okùn awọ tí ó wà lára ìyáàlù, kí ohùn tó gòkè, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ kan ọsán náà fúnra wọn. Wá nǹkan tí ìwọ àti ọ̀gá ilé-ìwé yóò fi mọ rírì rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni ó wá ṣe.

Ní ti agogo tìrẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, má ṣe fi í lé ọmọ tí ó ń na ọwọ́ ní iwájú lọ́wọ́. Gbé e lọ sí ẹ̀yìn yàrá, fún ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè.